Lọ́rì Sójà Tí Ẹ Kò Tò Tán

Bàbá mi tí n kò dágbére fún,

Mo kí yín. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà, nítorí náà mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó mú kálàmù, bó ṣe yẹ kí n máa ṣe láràárọ̀ nígbà tí ẹ wà láyé. Ní ọdún méjì tí ẹ lò kẹ́yìn, ìdajì ìdọ̀bálẹ̀ ni mo máa ń ṣe fún yín, nígbà tí mo bá tilẹ̀ ṣe é. Ọwọ́ mi á kan orúnkún, ojú mi á sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ rí i.

Ìrun ọ̀sán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí tán. Orí àpótí iṣẹ́ yín ni mo jókòó sí, òjò ń ṣú bọ̀ láti ìhà Ìgánmú, ilé sì dákẹ́. Ìròyìn tí mo ní fún yín kò dùn tó bó ṣe yẹ kó dùn. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó rọrùn ṣáájú: lọ́rì yín ti ń rìn.

Lọ́rì sójà yẹn náà ni, èyí tí ẹ rà níbi gbàǹjo tí ìjọba fi ta àwọn ọkọ̀ tí ogun ṣẹ́kù. Mo kéré nígbà tí ẹ wà á wọ àdúgbò wa ní Mushin, ṣùgbọ́n mo rántí pé gbogbo adìyẹ ló sá wọ yàrá. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Bọ́mà dé nígbà náà, tẹ̀yin ti ikọ́, pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì onírun kan, ẹ sì ní ọkọ̀ wíwà nìkan ni iṣẹ́ tí ogun kọ́ yín. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín kò tó láti fi ra lọ́rì. Màámi ló ta ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, èyí tí ìyá wọn fún wọn nígbà ìgbéyàwó, kí ọkọ̀ náà lè di tiwa. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń rán aṣọ oníbàárà. Wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí oòrùn wà, wọ́n á máa fi ojú tẹ̀lé abẹ́rẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. N kò gbọ́ kí wọ́n ráhùn rí.

Àwọn onílọ́rì yòókù máa ń kun tiwọn ní pupa àti yẹ́lò, wọ́n á kọ òwe sí iwájú rẹ̀. Ẹ̀yin fi tiyín sílẹ̀ ní àwọ̀ ewé tó bá a wá, pẹ̀lú nọ́ńbà funfun tí àwọn ológun kọ sára ilẹ̀kùn. Kí ẹ tó ṣí i láàárọ̀, ẹ máa ń yí i po lẹ́ẹ̀kan, ẹ á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tó ń jí ọmọ. Tó bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ á fi ìdí sùkúdíráfà sí etí, ẹ á fi ẹnu irin rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì, ẹ á wá dijú. Mo rò nígbà náà pé ẹnìkan wà nínú irin tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Mo sì rántí bí ẹ ṣe máa ń ká bùláńkẹ́ẹ̀tì yẹn sí mẹ́rin láràárọ̀, tí igun rẹ̀ á gún régé, bí ẹni pé ọ̀gá kan ṣì ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ló dé tí n kò bi yín léèrè nípa rẹ̀ rí?

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Mo ti ka ìwé mẹ́fà jáde, mo sì ti ń kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ ní kí n tú àwo epo tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí n fọ̀ ọ́ mọ́, kí n sì da epo tuntun sí i kí ẹ tó ti mọ́ṣáláṣí dé. Wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù kan ní Yábàá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ara mi kò sì balẹ̀. Mo tú u, mo fi àkísà nù ún, mo dè é padà, mo da epo sí i, mo sá lọ. Nígbà tí ẹ dé, ẹ bojú wo abẹ́ ọkọ̀, ẹ rí i pé kò jò. Ẹ kí mi kú iṣẹ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lọ́rì nọ́ọ̀kì lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, nígbà tí ẹ kọjá Ifọ̀ díẹ̀. Okùn ni lọ́rì mìíràn fi wọ́ ọ dé ilé. Ẹ̀yin àti Bàbá Sájìn lẹ jọ wọ abẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ wakọ̀ ní Bọ́mà, tí wọ́n wá di alágbẹ̀dẹ ní Ìdí-Òro. Ẹ kò pè mí. Nígbà tí ẹ jáde, Màámi bi yín pé kí ló ṣe é. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ń jẹ ẹ̀bà, mo sì gbọ́ ìdáhùn yín.

"Èmi ni mi ò wo epo kí n tó gbéra. Mo gbàgbé."

Gbogbo ohun tí ẹ sọ nìyẹn. Ẹ nu ọwọ́, ẹ lọ ṣe àlùwàlá.

Màámi ì bá gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ohun tí wọn kò lè gbé mì ni ọ̀rọ̀ "mo gbàgbé" yẹn. Wọ́n ní ẹni tó wa ọkọ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀ Bọ́mà tí kò gbàgbé epo, ṣé ti ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá wọn ló wá ń gbàgbé? Wọ́n bi yín lánàá, wọ́n bi yín lónìí, ìdáhùn kan náà ni. Gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún yẹn ni ọ̀rọ̀ kò fi tán nílé wa. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, Màámi di ẹrù wọn, wọ́n kó lọ sílé ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ní Ọ̀yìngbò. Ẹ bá wọn gbé àpótí dé ìkòríta. Mo rí yín nígbà tí ẹ ń padà bọ̀. Ọwọ́ yín ṣófo, ẹ kò sì mọ ibi tí ẹ máa gbé e sí.

Èmi ńkọ́? Ẹ̀yìn Màámi ni mo wà. Mo sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé aláìbìkítà ni bàbá mi, pé òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ilé ara rẹ̀ jẹ́. Mo wá iṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní Yábàá, ibẹ̀ ni mo sì ń sùn. Tí mo bá wá kí yín, ìdúró ni.

Ẹ̀yin nìkan lẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ́ńjìnnì náà. Ẹ tẹ́ páànù sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ẹ ta tapólì bò ó, ẹ sì ń to gbogbo irin inú rẹ̀ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà kan péré lẹ bẹ̀ mí lọ́wẹ̀, nígbà tó kan irin gígùn tó ń yí láàárín ẹ́ńjìnnì. Ẹ ní, "Wá bá mi di kíráńkì yìí mú. Ó wúwo jù fún èmi nìkan." Mo ní mo ń lọ, pé wọ́n ń retí mi ní Yábàá. Irọ́ ni. Kò sí ẹni tó ń retí mi. Ẹ ní kò burú. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn ilé kejì, mo bojú wẹ̀yìn, mo rí yín tí ẹ ń ju okùn sókè sórí ẹ̀ka igi àgbálùmọ̀, tí ẹ so irin náà mọ́ ọn, tí ẹ ń fà á, tí ẹ ń dúró wúkọ́, tí ẹ tún ń fà á. Mo wò yín títí irin náà fi gbéra nílẹ̀. Mo bá tèmi lọ.

Ọyẹ́ ló mú ikọ́ yẹn le. Ìgbà tí Bàbá Sájìn fi máa wá mi dé Yábàá, tí a sì jọ máa dé Mushin, wọ́n ti wẹ̀ yín. Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́ la sin yín. Àwọn ènìyàn ti ń gbọn erùpẹ̀ ọwọ́ wọn dànù nígbà tí Màámi dé, gèlè wọn wà lọ́wọ́. Wọ́n dúró lẹ́yìn gbogbo ènìyàn, wọ́n wo ibi tí erùpẹ̀ ti ga, wọ́n sì padà sí Ọ̀yìngbò láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Wọn kò wá síbi àdúà ọjọ́ kẹjọ. Àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ wọn láìdáa. Èmi náà sì ń mi orí.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, Bàbá Kékeré, àbúrò yín, pè mí wá sí ẹ̀yìnkùlé.

"Onílẹ̀ fẹ́ kọ́ ilé síbí," wọ́n ní. "Tí ọkọ̀ yìí ò bá kúrò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń ra irin á wá gé e. Wọ́n ti wá wò ó."

Lóòótọ́, wọ́n ti fi ẹfun fa ilà sára ilẹ̀kùn, lórí nọ́ńbà funfun yẹn, níbi tí wọ́n máa ti gé e. N kò mọ ìdí tí ilà yẹn fi dùn mí ju gbogbo ohun tí mo ti rí láti ọjọ́ ìsìnkú lọ.

"Ẹ bá mi gba oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ onílẹ̀," mo ní. "Ọkọ̀ yìí á fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ jáde."

"Èyí tí koríko ti ń hù nínú ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Wọ́n ní kò burú, pé tó bá jẹ́ ohun tí mo fẹ́ fi ṣọ̀fọ̀ nìyẹn, kí n máa ṣe é.

Mo fi ṣọ́ọ̀bù Yábàá sílẹ̀, mo padà wá sùn nínú yàrá yín. Bàbá, ọkọ̀ yẹn ti bàjẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Adìyẹ ti yé ẹyin sórí àga, eku ti jẹ inú àga tán, agbọ́n kọ́lé sínú rédíétọ̀, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ sì ti dípẹtà débi pé ẹsẹ̀ mi bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n abẹ́ tapólì yín kò bàjẹ́. Gbogbo irin ẹ́ńjìnnì wà bí ẹ ṣe tò ó, ẹ ti fi gírísì ra á. Mo sì rí ohun tí n kò mọ̀ pé ẹ ṣe: ẹ ti fi fáìlì tí wọ́n fi ń ha irin sàmì sí ẹnu irin kọ̀ọ̀kan. Èyí tó jẹ́ ti pístìnì kìíní ní àmì kan, ti ìkejì ní méjì, títí dé ìkẹfà. Ẹ kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó máa tò ó. Ta lẹ rò pé ó máa jẹ́? Ṣé ara yín ni, àbí ẹ ti mọ̀ pé ẹ kò ní tò ó tán?

Bàbá Sájìn máa ń wá bá mi lẹ́yìn iṣẹ́ wọn. Àwọn ni wọ́n fi iná jó irin tuntun mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀, àwọn ni wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń yọ́ òjé, tó da òjé tuntun sínú àwọn béárìn tí kíráńkì ń yí nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ha béárìn wọ̀nyẹn. Màá gbé kíráńkì sí i, màá yí i, màá gbé e kúrò, màá wo ibi tó ti ń há, màá fi ọ̀bẹ ha á bíńtín, màá tún gbé e padà. Èmi nìkan ni, orí igi àgbálùmọ̀ yẹn náà ni mo ta okùn sí. Nígbà náà ni mo wá mọ bí kíráńkì ṣe wúwo tó.

Mo ń wá sípánà kan lábẹ́ àga dírẹ́bà ni mo fi rí agolo bisikíìtì tí ẹ fi bébà olóròóró wé. Àwọn béárìn àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ti yọ́, wọ́n ti dúdú. Àkísà kan wà lábẹ́ wọn. Mo fẹ́ jù ú nù. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé ẹ̀yin kì í tọ́jú ohun tí kò wúlò. Mo rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì, mo fọ̀ ọ́, kákí bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Mo tún fọ̀ ọ́. Mo rí òwú pupa.

Ẹ̀wù ilé-ìwé mi ni. Abíyá rẹ̀ ló ya nígbà tí mo wà ní ìwé mẹ́fà, òwú kákí tán lọ́wọ́ Màámi, wọ́n fi pupa lẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ kíláàsì mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí tí mo fi jáde. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, inú mi dùn láti fa ẹ̀wù yẹn ya sí àkísà.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí Bàbá Sájìn dé ní ìrọ̀lẹ́, mo nà án sí wọn.

"Ẹ mọ èyí, àbí ẹ ò mọ̀ ọ́n?"

Wọ́n gbà á, wọ́n yí i padà. "Mo rò pé bàbá rẹ ti sun ún níná," wọ́n ní. Wọ́n jókòó sórí táyà. "Ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa epo la ti bá a. O gbàgbé ẹ̀ sínú àwo nígbà tó o ń nù ún. Díẹ̀díẹ̀ ló ń fà á mọ́ra, títí tó fi dí i pa. Bàbá rẹ mọ̀ pé ẹ̀wù ẹ ni lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí n pè ọ́ wá, kí n fi igbátí kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ó ní rárá."

"Kí ló dé tí wọ́n fi ní rárá?"

"Ó ní tí ìyá rẹ bá gbọ́, ojú tó fi ń wò ọ́ máa yàtọ̀ títí ayé. Ó ní òun ti dàgbà, wọ́n lè máa bínú sí òun. Ó ní ọrùn ọmọ ò tíì le tó ẹrù yẹn. Ó mú mi búra."

Bàbá, n kò ṣe iṣẹ́ kankan fún ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìyẹn. Mo ń sùn, mo ń jí, mo ń wo òkè àjà. Gbogbo ìgbà tí mo ní aláìbìkítà ni yín ń padà wá bá mi, mo sì rí i pé ẹ gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, nítorí àwọn tí mo ń sọ ọ́ fún kò gbé jìnnà sílé wa. Ọjọ́ tí ẹ bẹ̀ mí pé kí n wá bá yín di kíráńkì mú, ẹ ti mọ̀. Ẹ ti mọ ẹni tó ba ẹ́ńjìnnì náà jẹ́, ẹ sì wò mí lójú, ẹ ní kò burú.

Ní ọjọ́ kẹwàá, Bàbá Kékeré ní òjò ti sún mọ́lé. Mo dìde, mo tún bẹ̀rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni ẹ́ńjìnnì náà jí. Mo jókòó sórí àga, Bàbá Sájìn dúró níwájú, wọ́n ń fi irin yí i. Ó wúkọ́, ó dákẹ́. Ó rú èéfín dúdú, ó dákẹ́. Ìgbà tí a dé ẹ̀ẹ̀keje, ó dún, ó gbọ̀n, kò sì dákẹ́ mọ́. Àwọn ará àdúgbò jáde. Bàbá Kékeré mú orín kúrò lẹ́nu, wọ́n sì ṣí fìlà. Bàbá Sájìn dúró gbọn-in, wọ́n gbé ọwọ́ sí iwájú orí bíi sójà, omi ń ṣàn lójú wọn. Gbogbo wọn ń wò mí pé kí n yọ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi sùkúdíráfà sí etí, mo dijú. Mo gbọ́ bí pístìnì ṣe ń lọ tó ń bọ̀, gbogbo rẹ̀ lọ geere. N kò gbọ́ nǹkan mìíràn. Kí lẹ máa ń gbọ́?

Nígbà tí èrò túká, mo sọ fún Bàbá Sájìn pé mo fẹ́ lọ sọ fún Màámi.

"Òkú ló di ẹnu ọ̀rọ̀ yẹn," wọ́n ní. "Má tú u."

"Ọkọ wọn ni, Bàbá. Wọn ò tíì mọ irú ọkọ tí wọ́n ní."

"Tí wọ́n bá wá mọ̀ ọ́n báyìí, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

Síbẹ̀ mo lọ. Ẹ dáríjì mí, bó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ kò fẹ́ ni mo ṣe. N kò lè jókòó sórí àga yín kí n máa wakọ̀ yín kiri, kí ìyá mi sì máa kórìíra yín lórí ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Ẹ mọ ilé ẹ̀gbọ́n wọn, èyí tó kọjú sí ojú irin. Màámi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń pa etí bùbá kan. Mo rí i tí abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó gbójú sókè wò mí rárá. Ìró ọkọ̀ ni wọ́n mọ̀. Mo páná rẹ̀, mo sọ̀, mo dọ̀bálẹ̀.

"Ta ló tún un ṣe?"

"Èmi ni, Màámi. Bàbá mi ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀."

Mo fi àkísà náà lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ òwú pupa yẹn, wọ́n sì ń wò mí pé kí n sọ̀rọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀: bọ́ọ̀lù Yábàá, àwo epo, agolo, ohun tí Bàbá Sájìn sọ. Rélùwéè kan kọjá láàárín ọ̀rọ̀ mi, mo ní láti dúró kó lọ tán. Ojú wọn kò kúrò lára mi.

"Ṣé o mọ̀ pé bàbá rẹ máa ń wá síbí?" wọ́n ní.

N kò mọ̀.

"Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, lẹ́yìn ìrun. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn láti Mushin. Wọ́n á dúró ní òdìkejì ojú irin lọ́hùn-ún, torí mo ti ní kí wọ́n má wọlé. Mo ní kí wọ́n ṣáà sọ fún mi bó ṣe jẹ́ tí wọ́n fi gbàgbé. Wọ́n ní kò sí bó ṣe jẹ́, wọ́n gbàgbé ni. Wọ́n á kí mi, wọ́n á padà." Wọ́n ká àkísà náà, wọ́n tún tú u. "Gbólóhùn kan ni ì bá dá mi padà sílé. Ó wà lẹ́nu wọn. Wọn ò sọ ọ́."

"Màámi, ẹ foríjì mí."

"Èmi náà ní àforíjì tí màá tọrọ. Ẹni tí màá tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ ti lọ." Wọ́n dìde. "Máa lọ. Mi ò fẹ́ wò ọ́ lójú lónìí."

Wọ́n mú àkísà náà wọlé, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé.

Bàbá, mo fẹ́ sọ òtítọ́ fún yín. Mo bínú sí yín lọ́jọ́ yẹn. Mo bínú sí yín láti Ọ̀yìngbò títí mo fi dé Mushin. Ẹ dáàbò bo mi, ṣùgbọ́n Màámi lẹ fi ṣe ẹbọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jókòó sílé onílé, kí wọ́n máa bínú sí ẹni tí kò ṣẹ̀ wọ́n. Ṣé ẹ rò ó dé ibẹ̀? Ṣé ẹ ti ní i lọ́kàn pé lọ́jọ́ kan, tí mo bá dàgbà, ẹ máa pe àwa méjèèjì jókòó, ikọ́ ni kò jẹ́ kí ọjọ́ náà pé? Tàbí èmi lẹ fẹ́ràn jù wọ́n lọ? N kò fẹ́ kó jẹ́ èyí tó kẹ́yìn. N kò mọ ohun tí màá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe.

Lọ́rì kúrò lẹ́yìnkùlé kí òjò tó dé. Onílẹ̀ ti fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ níbi tí páànù yín wà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti gé igi àgbálùmọ̀ náà. Yanrìn àti pákó ni mo fi ọkọ̀ náà ń kó lọ sí àwọn ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ ní Súrùlérè. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àwọn ènìyàn ń yìn mí. Mo máa ń wo epo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sì ń fi ìyẹn rẹ́rìn-ín.

Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo máa ń wa lọ́rì lọ sí Ọ̀yìngbò. Mo ń dúró ní òdìkejì ojú irin, níbi tí ẹ ti máa ń dúró. Mo rò pé mo mọ ibẹ̀ gan-an, nítorí òpó kan wà níbẹ̀ tí ènìyàn lè fara tì tí ikọ́ bá mú un. Màámi á wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa ránṣọ. Màá dọ̀bálẹ̀ níbi tí mo wà. Wọn kò ní dáhùn. Màá padà.

Ẹ̀ẹ̀karùn-ún tí mo lọ ni Jímọ̀ọ̀ tó kọjá. Bí mo ṣe ń dìde nílẹ̀, mo rí i pé àga wọn ṣófo. Màámi ń sọdá ojú irin bọ̀. Wọ́n ti wọ aṣọ funfun, wọ́n bo orí. Wọ́n kọjá lára mi, wọ́n gun lọ́rì, wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà.

"Gbé mi lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ," wọ́n ní.

A gba Yábàá, a gba Ojúẹlẹ́gbà. Ọwọ́ wọn wà lórí itan wọn. Mo ń wa ọkọ̀ náà bí ẹni tó ru ẹyin. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú, mo fẹ́ sọ̀ kí n mú wọn lọ síbi tí ẹ wà, wọ́n sì na ọwọ́ dá mi dúró.

"Jókòó síbí. Mo mọ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni."

Mo páná ọkọ̀ kí n lè gbọ́. Wọ́n jìnnà jù. Mo rí wọn tí wọ́n bọ́ bàtà, tí wọ́n jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹsẹ̀ nínà, bí wọ́n ṣe máa ń jókòó sórí ẹní nílé nígbà tí mo kéré. Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́. Ìgbà kan wà tí wọ́n gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń jiyàn. Ìgbà kan wà tí wọ́n tẹ orí ba, tí èjìká wọn ń gbọ̀n, tí mo sì fẹ́ sáré lọ, ṣùgbọ́n mo rántí pé wọ́n ní kí n jókòó. Lẹ́yìn náà, wọ́n dákẹ́, wọ́n yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni pé wọ́n ń gbọ́ ìdáhùn. Ó pẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá mi orí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n dìde, wọ́n gbọn iyanrìn kúrò lára aṣọ.

Mo gbé wọn padà dé Ọ̀yìngbò. Wọ́n sọ̀, wọ́n ní kí n máa rọra wakọ̀, wọ́n wọlé lọ. Wọn kò sọ fún mi ohun tí ẹ jọ sọ, èmi náà kò sì lẹ́nu láti bi wọ́n.

Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí gan-an nìyẹn, Bàbá. Ṣé wọ́n ti dáríjì yín? Ṣé ẹ ti dáríjì wọ́n? Ṣé ọ̀rọ̀ mi tilẹ̀ wà nínú rẹ̀?

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó sì jẹ́ kó pẹ́ jù kó tó sọ ọ́.